Ọgbọ̀n Ẹsẹ̀ Bàtà Láti Àárín Ọ̀nà

Ìwé tí kánsù lẹ̀ mọ́ ògiri mi ní ọjọ́ Ajé yẹn kò ju ojú ewé kan lọ. Ẹ̀kọ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ewúrẹ́ sì ti jẹ igun rẹ̀ kan kí n tó dé láti ibi tí mo ti lọ pe típà yanrìn. Ohun tó kù níbẹ̀ tó mi kà. Ó ní wọ́n fẹ́ tún ọ̀nà tó wọ àdúgbò wa ṣe, láti títì márosẹ̀ ní Mowe títí dé ẹ̀yìn ilé ìwé. Wọn yóò da ọ̀dà sí i, wọn yóò sì la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ohunkóhun tó bá wà láàárín ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí àárín ọ̀nà, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹni tó ni ín kó o kúrò kí ọjọ́ mọ́kànlélógún tó pé. Ẹni tó bá ní àtakò, kó kọ ọ́ wá sí ọ́fíìsì ní Owódé, tàbí kó sọ ọ́ níbi ìpàdé tí wọn yóò ṣe pẹ̀lú ará àdúgbò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì.

Ìparí oṣù kẹta ọdún 2006 ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo mú téèpù gígùn tí ọkọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú, mo pe Sàlísù, àgbà nínú àwọn ọkùnrin tó ń bá mi da búlọ́ọ̀kù, mo ní kó di ìdí téèpù mú ní àárín ọ̀nà. Pèpéle kọnkéré tí ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù mi dúró lé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún. Kànga mi jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Sàlísù ká téèpù.

Kò sí ibi tí mo lè sún wọn sí. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni yàrá méjì tí èmi àti Ládi ọmọ mi ń gbé, ẹ̀yìn yàrá sì ni ògiri ẹlòmíì. Ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò ní omi, òkìtì yanrìn lásán ni. Iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ wa láti ọdún méje tí ọkọ mi ti kú. Òun ló ń rán Ládi lọ sí pólì. Tó bá lọ, kò sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí èmi gan-an ni mo pè é.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ra ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ ẹbí Bàbá Lásúnkànmí ní 1994, ọ̀nà jìnnà sí wa. Típà lè dúró ní ìbú sí iwájú ilé wa kó má di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òjò ló ba ọ̀nà jẹ́. Àdúgbò wa kì í sì í retí kánsù. Ní Sátidé ìmọ́tótó, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí ọkọ̀ kì í rìn títí aago mẹ́wàá fi ń lù, onílé kọ̀ọ̀kan ló ń dí kòtò iwájú ilé tirẹ̀. Ìlànà wa nìyẹn. Ẹni tó ní iyẹ̀pẹ̀ á da iyẹ̀pẹ̀, ẹni tó ní eérú á da eérú. Èmi ní búlọ́ọ̀kù tó fọ́. Oṣooṣù ni mò ń dà á, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń gún un mọ́lẹ̀, títí iwájú ilé mi fi le bí àpáta. Ní òdìkejì, iwájú ilé Alàgbà Olúgbádé, ẹrẹ̀ ni. Awakọ̀ ò mọ ìyá, kò mọ bàbá; ibi tó bá le ni yóò gbà. Wọ́n fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sún sí ọ̀dọ̀ mi. Mo tún da búlọ́ọ̀kù sí i. Wọ́n tún sún. Kí ọdún mẹ́jọ tó pé, ọ̀nà ti kúrò ní ààyè rẹ̀, ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, inú mi sì ń dùn pé oníbàárà kò ní láti rìn jìnnà.

Koríko hù síbi tí ẹrẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Alàgbà gbin òdòdó síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó wó ògiri ọgbà rẹ̀, ó sì mọ òmíràn síwájú. Mi ò bínú. Èmi ni mo ta búlọ́ọ̀kù rẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ tí mo wọn tèmi, mo wọn ògiri yẹn náà. Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo bọ́.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Alàgbà Olúgbádé. Ó ti Èkó wá kọ́lé sọ́dọ̀ wa kó lè wà nítòsí Redemption Camp, òun sì ni alága ẹgbẹ́ onílé. Èèyàn dáadáa ni. Ọjọ́ tí ọkọ mi kú, tó yẹ ká sin ín kí oòrùn tó wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, òun ló gbé òkú rẹ̀ sínú ọkọ̀ tirẹ̀, tó wà á dé Ifọ̀, tó sì dúró títí wọ́n fi bò ó. Kò gba kọ́bọ̀. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn.

Nítorí náà òun ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mo kúnlẹ̀ kí i nínú pálọ̀ rẹ̀, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀nà ti sún, kí àwa méjèèjì lọ sọ ọ́ ní Owódé kí wọ́n wọ̀n ọ́n láti àárín ọ̀nà àtijọ́. Ó ní kí n fi ọkàn balẹ̀. Ó ní irú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ báyìí, tí èèyàn bá tú u, ejò ló máa ń jáde níbẹ̀. Ó ní òun yóò kọ lẹ́tà tí ìjọba kò ní lè ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí.

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó kà á fún wa ní ìpàdé onílé. Ojú ewé mẹ́rin. Ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ó fi ìjọba wé abiyamọ tí kì í gbọ́ ẹkún ọmọ kó má tatí wéré. Ó dárúkọ opó, ó dárúkọ ọmọ aláìníbaba, ó sì na ọwọ́ sí mi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé bírò kiri kí a fọwọ́ sí i.

Nígbà tí bírò dé ọ̀dọ̀ mi, mo bi í pé ibo ló ti sọ pé ọ̀nà ti kúrò ní ààyè rẹ̀. Ó ní lẹ́tà náà ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ní kó fi ìlà yẹn hàn mí. Kò sí ìlà kankan. Mo gbé bírò fún ẹni tó tẹ̀ lé mi.

Ìyá Delight, tí ilé rẹ̀ kan tèmi, tí wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì wíwó sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bíi tèmi, fi ìgúnpá gún mi. Ó ní, "Ìyá Ládi, fọwọ́ sí i jàre. Wọ́n ń fi ẹnu bá ẹ bẹ̀bẹ̀, o tún ń wo ẹnu wọn."

Mo ní, "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́. Téèpù ni mo fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Owódé. Èmi náà ti kọ ìwé tèmi, ìlà mẹ́rin. Mo kọ ọ́ pé: Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ wọ̀n kọ́ ni ọ̀nà. Ọ̀nà gidi wà lábẹ́ koríko àti ògiri ní òdìkejì. Àwa ará àdúgbò la sún un. Ẹ wá wò ó. Mo kọ orúkọ mi sí i: Kúlúsúmù, oníbúlọ́ọ̀kù.

Akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ mi sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó jẹ́. Mo yọ ìwé kánsù tí ewúrẹ́ jẹ kù láti inú báàgì mi, mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí hàn mí. Ó wá a, kò rí i. Ó ní bóyá ibi tí ewúrẹ́ jẹ ni. Mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ti jókòó tó wákàtí mẹ́ta kí Ẹnjiníà Bùrẹ́ímọ̀ tó jáde. Òun ni iṣẹ́ ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tí eruku funfun wà lára bàtà rẹ̀. Ó ka ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tó dúró sí.

"Ta ló kọ èyí fún yín, mà?"

"Èmi ni."

Ó ní nínú gbogbo ìwé tí àwọn ti gbà, èyí nìkan ló sọ nǹkan tí òun lè lọ fojú rí. Ó béèrè ìwé sọ́fè ilẹ̀ mi. Mo fún un. Ẹ̀dà ni, omi òjò sì ti kán sí i nígbà kan. Ó wò ó títí. Ó ní lórí ìwé náà, ọ̀nà fẹ̀ ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà, bíkìnì tó wà ní igun iwájú ilẹ̀ mi sì jẹ́ ogún ẹsẹ̀ bàtà sí àárín rẹ̀. Àmọ́ òun kò lè fi ẹ̀dà ìwé wó ògiri ẹnikẹ́ni. Bíkìnì fúnra rẹ̀, òpó kọnkéré kúkúrú tí sọ́fẹ́yọ̀ rì mọ́lẹ̀, òun ni ẹlẹ́rìí. Tí mo bá fi í hàn òun nínú ilẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé, òun yóò wọn ọ̀nà láti ibẹ̀. Tí mi ò bá rí i, ohun tí wọ́n ti kùn lọ́dà náà ló dúró.

Mi ò rí bíkìnì yẹn láti bí ọdún mẹ́wàá. Mo mọ ìdí. Èmi fúnra mi ni mo da búlọ́ọ̀kù fífọ́ bò ó, oṣù kan lé òmíràn, mi ò sì mọ ibi tó wà mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tó lè mọ̀ ni Bàbá Lásúnkànmí. Òun ló ru bíkìnì náà lórí ní ọjọ́ tí sọ́fẹ́yọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ó ti lọ sí oko ìrẹsì wọn ní Ọ̀fàdà. Mo ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló dé. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ sì ni ìpàdé.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, èmi àti Sàlísù ti gbé dígà àti ṣọ́bìrì. Bàbá Lásúnkànmí dúró ní ìdí igi obì àtijọ́ tó wà ní ìparí ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ mi lọ sẹ́yìn. Ó ní láti ibẹ̀ ni bàbá òun ti máa ń ka ìṣísẹ̀ tí wọ́n bá ń la ilẹ̀, ìṣísẹ̀ méjìlélógójì sì ni òun kà lọ́jọ́ tí àwọn rì bíkìnì. Ó kà á, ó ń rìn, ọ̀pá lọ́wọ́. Méjìlélógójì bọ́ sí etí ọ̀nà, níwájú òkìtì búlọ́ọ̀kù mi. A gbẹ́ ibẹ̀. Búlọ́ọ̀kù fífọ́ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí dígà ń ta padà. A gbẹ́ ẹ wọ orúnkún. Kò sí nǹkan kan.

Oòrùn ti ń yọ. Ọlọ́kadà kan dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó ní, "Ìyá, ṣé góòlù lẹ̀ ń wá ni? Ẹ fi tiwa sílẹ̀ o."

Mo ní kó máa lọ, pé tí mo bá rí i, òun kọ́ ni màá kọ́kọ́ pè. Ó fi fèrè sí i, ó lọ.

Mo wo ihò náà, mo wo Bàbá Lásúnkànmí. Ọ̀pá rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà yẹn ni mo rí ohun tí a ṣe. Mo ní, "Bàbá, ní 1994, ṣé ẹ ń fi ọ̀pá rìn?"

Ó ní rárá o. Ó ní ní ọdún yẹn, òun ṣì ń gun ọ̀pẹ.

Mo ní kó máà kà á fúnra rẹ̀ mọ́. Mo ní kí Sàlísù, tó ga, tí orúnkún rẹ̀ ṣì dáa, padà sí ìdí igi obì kó ka méjìlélógójì bí ọkùnrin tó ru ẹrù ṣe ń rìn. Sàlísù kà á. Ó kọjá ihò wa. Ó kọjá etí ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà gan-an, lórí ipa táyà.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń tẹ fèrè, a kò dìde. Wọ́n ń yí gba orí koríko Alàgbà Olúgbádé kọjá, wọ́n ń ṣépè bí wọ́n ṣe ń lọ.

Fèrè yẹn ló mú Alàgbà jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, pákò lẹ́nu. Ó wo ihò, ó wo ìwé sọ́fè tí mo fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò pariwo. Ó sún mọ́ mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Ládi, dí ihò yẹn."

Mo ní, "Tí mo bá ti rí ohun tí mò ń wá, màá dí i, sà."

"Tí o bá rí i, ògiri mi ni wọ́n máa wó. Ilé jẹnẹrétọ̀ mi, géètì mi. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀rọ mi ni wọ́n máa wó tí mi ò bá rí i. Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo wá bá yín."

Ó yọ pákò lẹ́nu. Ó ní, "Ọjọ́ tí a lọ sí Ifọ̀, mi ò bi ẹ́ pé kí ni o máa fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbé dígà sílẹ̀. Sàlísù náà dúró. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù fífọ́, nítorí ó tó kí n kúnlẹ̀ fún un, mo sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

"Mi ò gbàgbé, sà. Ẹ béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ mi, màá ṣe é lónìí. Ẹ má béèrè ilé iṣẹ́ mi."

Mo dìde, mo gbé dígà. Ó ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí irin dígà kan ohun tí kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Sàlísù fi ọwọ́ gbá eruku kúrò: orí òpó kọnkéré kékeré, irin ní àárín rẹ̀, àti lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fi ìṣó fà sára rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Mo kà wọ́n síta, Sàlísù wo ìwé sọ́fè. Wọ́n bára mu. Alàgbà yí padà, ó wọlé lọ múra ìpàdé.

Mo ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ yí ihò náà ká, mo so aṣọ pupa mọ́ wọn, mo fi Bàbá Lásúnkànmí sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo wẹ ẹsẹ̀ mi, mo lọ.

Kíláàsì kan ní ilé ìwé ni wọ́n ti ṣe ìpàdé. A jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wa sún mọ́ àgbọ̀n. Alàgbà Olúgbádé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ka ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnjiníà Bùrẹ́ímọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ gan-an. Alàgbà ní àánú ni. Ẹnjiníà kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. Mo ní, "Ọ̀nà yìí ti rìn. Àwa la mú un rìn. Iwájú ilé mi ni mò ń da búlọ́ọ̀kù sí, ọkọ̀ sì ń tẹ̀ lé e, títí ọ̀nà fi wọ ilẹ̀ mi. Alàgbà kò jí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀nà fi sílẹ̀ ló mọ ògiri sí. Bíkìnì mi ti jáde láàárọ̀ yìí, ojú ọ̀nà ló wà. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n."

Ẹnjiníà wo gbogbo wa, ó béèrè bóyá ẹlòmíì wà tó mọ̀ pé ọ̀nà ti sún. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú Alàgbà. Mo dúró. Mi ò jókòó, mi ò sì fi nǹkan kan kún un.

Ìyá Delight ló dìde nígbà tó yá. Ó ní òun ti fọwọ́ sí lẹ́tà, òun kò sì kó ọwọ́ òun kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni Ìyá Ládi sọ. Ó ní nígbà tí òun kọ́ ṣọ́ọ̀bù òun, òun máa ń pariwo kí ọlọ́kadà tó lè gbọ́ òun láti ojú ọ̀nà. Nísinsìnyí, tí òun bá na ọwọ́, òun á kan táyà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mìíràn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Gbogbo wa rìn lọ síbẹ̀. Ẹnjiníà Bùrẹ́ímọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ihò pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó ka nọ́ńbà, ó fi wé ìwé mi. Ó wọn ogún ẹsẹ̀ bàtà láti ibẹ̀ lọ sí òdìkejì, ó sì kan èèkàn kan mọ́lẹ̀ nínú koríko. Ó ní ibẹ̀ ni àárín ọ̀nà. Ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá jìnnà sí ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Láti ibi èèkàn yẹn, ẹ̀rọ mi di mẹ́rìndínlógójì. Òkìtì búlọ́ọ̀kù tí mo tò síwájú di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ní kí n sún un sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ògiri Alàgbà Olúgbádé di mẹ́tàdínlógún. Ó ní kó dá a padà sí ibi tí ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ wà. Kò ní kan ilé rẹ̀. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀dà pupa, ó fa ìlà pa àmì tó wà lára ògiri mi rẹ́, ó sì rékọjá sí òdìkejì.

Ọ̀sán yẹn kan náà ni a sún òkìtì. Ẹgbẹ̀rin búlọ́ọ̀kù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù nínú mọ́kànlélógún, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan sọ. Ibi tí a ti ń rù ú ni Alàgbà ti rékọjá wá. Ó dúró níbi tí búlọ́ọ̀kù wà tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ò bá sọ ọ́ fún mi ní kọ̀rọ̀."

Mo gbé búlọ́ọ̀kù tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Mo ní, "Pálọ̀ yín ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́, sà."

Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó ń wo bí Sàlísù ṣe ń tò ó, ó sì padà sílé rẹ̀ láìkí mi. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá rí i láàárọ̀, mò ń kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà míì ó ń dáhùn, nígbà míì kì í dáhùn. Mi ò jẹ́ kó sú mi.

Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí òkìtì tó tán. Sàlísù béèrè bóyá ká ṣíwọ́. Mo ní kó wò ó bóyá yanrìn tó kù tó èyí tí a lè pò mọ́ àpò sìmẹ́ńtì kan. Ó ní ó tó. Mo sọ garawa sínú kànga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi.